Ìkìlọ̀ tó ń dé ọwọ́ ẹni: bí a ṣe ń sọ ewu inú oúnjẹ àti ọjà fún aráàlú

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú kan wọ Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ẹni náà, ojú rẹ̀ á máa ṣú, á dákú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú. Kí èsì àyẹ̀wò tó jáde, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro kan. Àwọn kan ní Ebola ló padà dé. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú nítorí ojúbọ rẹ̀ tí wọ́n lọ ṣí. Àwọn oníròyìn ń pè é ní àrùn àràmàǹdà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nígbà náà pé ó jọ pé oògùn apakoríko ló fà á. Nígbà tí èsì dé, ọgógóró ni. Methanol ló wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ọtí tí ènìyàn lè mu.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin kan tí ife ọgógóró wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Bó bá gbà pé òrìṣà ló ń bínú, á lọ ṣètùtù. Bó bá gbà pé Ebola ni, á sá fún aládùúgbò rẹ̀. Bó bá gbọ́ "apakoríko", á ní kí ìyàwó òun fọ ẹ̀fọ́ dáadáa. Nínú gbogbo ohun tó gbọ́, kò sí èyí tó ní kó gbé ife yẹn kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn: ìkìlọ̀ kò tíì pé títí yóò fi sọ fún ẹni tó ń gbọ́ ọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Mo kọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, olóòtú ètò rédíò, ìyálọ́jà, olùkọ́, àlùfáà àti ìmáàmù, àti ẹni tí gbogbo ẹbí máa ń bi léèrè lórí WhatsApp pé "ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ yìí?"

Èkíní: ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin. Kí ni ohun náà gan-an? Báwo ló ṣe ń wọ ara: ṣé nípa jíjẹ, mímu, kíkùn ni, àbí fífà símú? Àwọn wo ló lè pa lára jù? Kí ló yẹ kí wọ́n ṣe? Bí ìdáhùn ìkẹrin bá ṣófo, ẹ ò tíì ní ìkìlọ̀ lọ́wọ́, ìròyìn lẹ ní. Ẹ pe ẹni tó mọ̀, kí ẹ gba ìdáhùn náà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú níbí ni pé a kì í ya ohun tó lè pani lára sọ́tọ̀ kúrò lára iye rẹ̀ tó dé inú ara. Ọtí tí wọ́n pọn dáadáa pàápàá lè ní methanol bíńtín nínú, kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ rékọjá ló ń fọ́ni lójú tó sì ń pani. Nítorí náà, bí ẹ bá kàn sọ pé "methanol wà nínú ọgógóró", ẹni tó ti ń mu ún láti ogún ọdún á wo ara rẹ̀, á rí i pé òun ṣì wà láàyè, á sì rò pé irọ́ lẹ ń pa. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ọgógóró kan ń lọ nígboro tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ débi tó lè pa ènìyàn." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tako ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Èkejì: ẹ dárúkọ ọjà náà débi tí ẹni tó ní in nílé á fi dá a mọ̀

Ní ìparí ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín, My Pikin, pa ọmọdé káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ 84 ni wọ́n kà pé ó bá a lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohun olómi kan tí wọ́n fi ń po oògùn, propylene glycol, ni ó yẹ kí wọ́n lò, ṣùgbọ́n diethylene glycol ló wọ inú rẹ̀. Méjèèjì kò ní àwọ̀, méjèèjì ń fà bí omi ṣúgà, méjèèjì dùn lẹ́nu. Èkejì yìí, inú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ibùgbé rẹ̀, kíndìnrín ló sì ń bà jẹ́. Kò sí ìyá tó lè tọ́ ọ wò kó mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ojú, imú àti ahọ́n kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tó kù fún ìyá ọmọ ni orúkọ tó wà lára ìgò, àwọ̀ páálí, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti nọ́ńbà batch, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ìpele tí wọ́n jọ ṣe oògùn náà hàn. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ ibi tí nọ́ńbà batch máa ń wà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò wá a rí: ó lè wà ní ìsàlẹ̀ páálí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Bí ọjà náà bá ní orúkọ ìnagijẹ tí àwọn alájàpá ń pè é, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kó mọ́ kedere, kí ẹ má sì mú fọ́tò ọjà mìíràn tó jọ ọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ti fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ba ọjà ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀bi kan tó wọ́pọ̀ ni kí a na ọ̀rọ̀ ju ibi tó dé lọ. Bí ẹ bá kéde pé "oògùn eyín ọmọdé ń pa ọmọ", ìyá kan á da gbogbo oògùn ilé nù, títí kan èyí tí dókítà fún un fún ibà. Òmíràn á ní "oògùn eyín tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ", á sì máa fún ọmọ lọ.

Nípa ìpara tó ń bó ara, ẹ kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ka ara páálí. Mercury, májèlé tó lè wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ mercury lára páálí. Ó lè jẹ́ calomel, mercurio, mercurous chloride tàbí mercuric iodide. Àmì kan tún wà tó ṣeé mú lọ sílé: bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìpara pé kó má kan wúrà, fàdákà tàbí alumíníọ́mù, ẹ fura sí mercury. Èyí tí wọn kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i rárá, kí wọ́n má fi para. Ẹ sì sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kì í ṣe awọ ara òun nìkan ni. Mercury náà ń wọ ara ọmọ tó ń gbé mọ́ àyà.

Ẹ̀kẹta: ẹ sọ àmì àìsàn pẹ̀lú àkókò rẹ̀

Àwọn ọmọ tó mu My Pikin kò lè tọ̀ mọ́. Ìyá tó ń pààrọ̀ nápíì á mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí dókítà tó mọ̀, bí ẹnìkan bá ti sọ fún un pé kó máa wò ó. Irú àmì tó yẹ kí ẹ wá nìyẹn, èyí tí ẹni tí kò kàwé lè rí nílé ara rẹ̀. "Kíndìnrín kò ṣiṣẹ́" kò wúlò fún un. "Bí nápíì ọmọ bá gbẹ láti àárọ̀ di ọ̀sán" wúlò.

Àkókò ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Methanol kì í ṣọṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ara ló máa ń sọ ọ́ di ásíìdì díẹ̀díẹ̀, ásíìdì yẹn ló ń ba iṣan ojú jẹ́, ó sì lè tó wákàtí 12 sí 24 kí ó tó hàn. Ẹni tó mu ún lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta lè jí lọ́jọ́ Àìkú kó rò pé ọtí àná ló ń dùn òun lórí, kó padà lọ sùn. Àkókò tó fi ń sùn yẹn ni ilé ìwòsàn ì bá fi gbà á là. Nítorí náà, ìkìlọ̀ methanol gbọ́dọ̀ bá ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le wí.

Ẹ̀kẹrin: ẹ sọ ohun tí wọn yóò ṣe, àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe

Èyí ni mo kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ fún rédíò. Ẹ kà á sókè kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ o. Ọgógóró kan ń lọ nígboro báyìí tí májèlé wà nínú rẹ̀. Methanol ni wọ́n ń pe májèlé náà. Ojú kò lè rí i, imú kò lè gbóòórùn rẹ̀, ẹnu kò lè tọ́ ọ mọ̀. Ẹ má mu ọgógóró kankan ní ìlú yìí títí a ó fi padà bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti mu ún láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba nísinsìnyí, bí ara yín tilẹ̀ le. Ẹni tí orí ń fọ́, tó ń bì, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kó má sùn sílé mọ́jú. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì gbé ìgò tó mu lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Ẹ gbé e wá sí ọ́fíìsì ìlera. A kò tíì mọ ibi tó ti wá. A ó tún sọ̀rọ̀ ní aago méje alẹ́ òní."

Mo fi epo pupa sí i nítorí pé ní ilẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá jẹ májèlé, epo ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń lọ bá. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ dáadáa tí a ń ki epo sí lẹ́nu lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì ti ibẹ̀ kú. Bí ẹ kò bá dárúkọ epo, àwọn ènìyàn á gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á ti rọ epo sí i lẹ́nu kí wọ́n tó gbéra. Ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe nílé tẹ́lẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń tà á, ẹ kíyè sí i pé mi ò ṣèlérí pé ọlọ́pàá kò ní mú wọn. Ẹ má ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ yín. Bí ẹ bá lè bá DPO sọ̀rọ̀ kí ó gbà pé ẹni tó bá gbé ọjà wá fúnra rẹ̀ kò ní wọ àhámọ́, ẹ fi ìyẹn kún un, á mú kí ọ̀pọ̀ ìgò jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ sọ ohun tí ẹ kò tíì mọ̀, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ ó mọ̀ ọ́n

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn aláṣẹ láti sọ pé "a kò mọ̀". Wọ́n rò pé àwọn ènìyàn á fojú tín-ín-rín wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní 2011 fi hàn pé ohun tó burú jùyẹn lọ wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àìsàn tí kòkòrò àìfojúrí kan, E. coli, ń fà bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè yẹn. Àwọn ènìyàn ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kíndìnrín ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, àwọn aláṣẹ ìlera Hamburg kéde pé kùkúḿbà tó wá láti Sípéènì ló fà á. Wọ́n rí E. coli lára kùkúḿbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń pa àwọn ènìyàn. Kó tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹfà tí wọ́n kéde pé irúgbìn tí wọ́n mú kó hù, èyí tí wọ́n ń jẹ ehù rẹ̀ ní tútù (sprouts), ni, àwọn àgbẹ̀ Sípéènì ti da ẹ̀fọ́ wọn nù ní oko. Ó lé ní ènìyàn 50 tó kú. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù san owó tó lé ní 200 mílíọ̀nù yúrò láti fi tu àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ lójú. Ìpalára tó tóbi jù lójú tèmi ni pé ní gbogbo ọjọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń sá fún kùkúḿbà, ohun tó ń pa wọ́n gan-an ṣì wà nínú àwo wọn.

Èyí kò sọ pé kí ẹ dúró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dá yín lójú. Bí ẹ bá dúró, ènìyàn á máa kú. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ pín ọ̀rọ̀ náà sí mẹ́ta, kí ẹni tó ń gbọ́ mọ ibi tí ọ̀kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. "Ohun tó dá wa lójú nìyí. Ohun tí a fura sí nìyí, nítorí ìyẹn, fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ yẹra fún un. Ohun tí a kò tíì mọ̀ nìyí." Lẹ́yìn náà, ẹ dá àkókò tí ẹ ó padà wá, kí ẹ sì padà wá, kódà bí kò bá sí ohun tuntun. Bí aago méje bá lu tí ẹ kò sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á bá wọn sọ ọ́.

Ẹ̀kẹfà: ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà di ènìyàn

Ní oṣù kẹwàá 2015, IARC, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí èéfín tọ́jú, bíi bacon àti sọ́séèjì, ń fa jẹjẹrẹ ìfun. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ń jẹ gíráàmù 50 rẹ̀ lójoojúmọ́, ewu náà á fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Wọ́n fi í sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú sìgá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìwé ìròyìn kan ń sọ pé sọ́séèjì ń pani bíi sìgá.

Ìsọ̀rí yẹn ń sọ bí ẹ̀rí ṣe dájú tó. Kò sọ bí ewu ṣe tóbi tó. Ó dájú pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ, ó sì dájú pé ẹran yìí náà ń fà á, ṣùgbọ́n iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pa jìnnà síra gidigidi. Ní ti ìdá 18, ẹ wò ó báyìí. Ẹ mú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Bìrìtéènì (Bìrìtéènì ni mo mú nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ iye rẹ̀). Nínú wọn, bíi mẹ́fà ni jẹjẹrẹ ìfun máa mú kí ayé wọn tó pé. Bí gbogbo ọgọ́rùn-ún bá ń fi gíráàmù 50 kún ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, mẹ́fà yẹn á di méje. Ẹnìkan ló lé. Ẹnìkan kì í ṣe ohun kékeré nínú ẹbí tó bá ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ "mẹ́fà di méje" lè ronú fúnra rẹ̀ bóyá òun á dín sọ́séèjì kù. Ẹni tó gbọ́ "ìdá 18" kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rù ni yóò mú lọ.

Nígbàkígbà tí ẹ bá rí "ó lé ní ìlọ́po méjì" tàbí "ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún", ẹ béèrè pé: mélòó ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, nínú ènìyàn mélòó? Bí ìdáhùn kò bá sí, ẹ má fi nọ́ńbà yẹn sínú ìkìlọ̀ yín.

Èkeje: ẹ̀wà, Sniper, àti oúnjẹ ọmọ ẹni tó ń tà á

Ní 2015, Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper. Iye tí wọ́n rí nínú rẹ̀ wà láàárín mílígíráàmù 0.03 sí 4.6 nínú kílò kan. Iye tí wọ́n fàyè gbà ni 0.01. Nígbà tó di 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀, wọ́n sì ní kí súpámákẹ́ẹ̀tì má tà á mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tó tẹ̀ lé e dúró síbi "àwọn oníwà ìkà ń fi Sniper sínú ẹ̀wà". Èmi kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà fi owó àjọ ra àpò mẹ́wàá. Bí kòkòrò bá jẹ ẹ́, owó àjọ lọ. Ẹnìkan ló sọ fún un pé Sniper á dá a dúró, kò sì sí ẹni tó fi ohun mìíràn hàn án. Bí ẹ bá pè é ní ìkà, á máa lo Sniper lálẹ́ dípò ọ̀sán. Ohun tó ń yí ọwọ́ rẹ̀ padà ni ohun tí yóò lò dípò rẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS wà: ọ̀rá méjì nínú, sààkì lóde. Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o sí i. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò lọ́ lẹ́nu, tí wọn yóò sì so ó le kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á fà afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ẹ gbé àpò náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ẹlẹ́wà, kí ẹ so ó lójú wọn, kí ìyálọ́jà fọwọ́ ara rẹ̀ so ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ṣe iṣẹ́ ju ìkéde oṣù kan lórí rédíò lọ.

Fún ẹni tó ń rà á, ẹ sọ pé ẹ̀wà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀sùn kankan. Oúnjẹ gidi ni, ó sì máa ṣòro fún ọ̀pọ̀ ilé láti rí ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó rà á, kí wọ́n má ra èyí tó ń rùn bí oògùn kòkòrò. Kí wọ́n rẹ ẹ́, kí wọ́n da omi ìrẹ náà nù, kí wọ́n ṣan án lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n sè é kó jinná. Kí ẹ sì jẹ́ olóòótọ́ pé fífọ̀ ń dín in kù ni, kò lè kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń làágùn, tó ń bì, tí èémí ń ṣòro fún, ilé ìwòsàn ni kíá.

Ẹ̀kẹjọ: ẹ wá ẹni tí wọ́n máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń bá àgbà sọ ọ́

Àwọn ewu kan wà tí rédíò kò lè dé ìdí rẹ̀, nítorí ọwọ́ ìyá àgbà ló wà. Tìróò jẹ́ ọ̀kan. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin olóṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n rí òjé (lead) nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ pinpin rẹ̀, tìróò tí wọ́n ń lé sí ìpéǹpéjú rẹ̀ ni. Wọ́n gbé e fún àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò, òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà.

Bí ẹ bá wọ inú ilé ìkómọ, tí ẹ bá tìróò lójú ọmọ, tí ẹ sì ké pé "májèlé nìyẹn!", ìyá àgbà á gbé ọmọ lọ sí yàrá, ọ̀rọ̀ tán. Báyìí ni mo ṣe máa ń gbà wọ́n níyànjú láti gbé e kalẹ̀:

"Ẹ kú ọwọ́lómi o, màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi."

"Ojú ọmọ yìí mọ́lẹ̀. Tìróò lẹ lé sí i?"

"Òun ni. Òun náà ni mo lé sójú ìyá rẹ̀."

"Ẹ ò ṣẹ̀, màmá. Bí wọ́n ṣe tọ́jú tiyín náà nìyẹn. Wọ́n ti yẹ tìróò tí wọ́n ń tà wò báyìí, òjé ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó sì pọ̀. Ọmọ á fọwọ́ pa ojú, á ki ọwọ́ bọ ẹnu, òjé á wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe bí ibà, ara rẹ̀ kò ní gbóná. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó bá dé ilé ìwé ni wọ́n á máa ní kò gbọ́n tó ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Ojú rẹ̀ á wá ṣófo bẹ́ẹ̀?"

"Owú àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màmá. Ẹ̀yin náà lẹ máa nù ún fún un láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ká lè mọ ibi tó dé."

Ẹ wo ìbéèrè ìyá àgbà yẹn. Kò jà lórí òjé. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọmọ. Ìdáhùn tó dá a padà sídìí ìtọ́jú ọmọ ló mú kí tìróò kúrò nílẹ̀.

Fún àwọn tó wà ní London, Houston tàbí Dublin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tìróò kún ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ti ilé bọ̀. Dókítà ibẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n rárá, kò sì ní ronú láti béèrè.

Ẹ̀kẹsàn-án: bí irọ́ bá ti ṣáájú yín

Nígbà Ebola ní oṣù kẹjọ 2014, àtẹ̀jíṣẹ́ kan rìn káàkiri Nàìjíríà mọ́jú pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún. Àwọn ènìyàn kú nítorí iyọ̀, ọ̀pọ̀ sì wọ ilé ìwòsàn. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé irọ́ náà ní gbogbo ohun tí ìkìlọ̀ tòótọ́ nígbà náà kò ní. Ó kúrú. Ó sọ ohun tí ènìyàn á ṣe. Iyọ̀ wà ní gbogbo ilé. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni tó ń gbà á.

Bí ẹ bá fẹ́ tú irọ́ ká, òótọ́ ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín. "Omi iyọ̀ púpọ̀ ń pani. Ẹ má mu ún." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ pé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń sọ òmíràn. Bí ẹ bá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ lẹ́bàá rédíò á gbọ́ ìyẹn nìkan. Ẹ má sì bú àwọn tó gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, wọ́n sì fẹ́ gba ẹbí wọn là.

Ẹ̀kẹwàá: ẹ dán an wò, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ padà wá pa á dé

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ ka ìkìlọ̀ náà fún ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí kì í ṣe oníṣẹ́ ìlera: ọlọ́kadà, ẹni tó ń dín ọ̀dùnkún lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ kíláàsì kẹfà. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn á sọ. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá dé ilé báyìí, kí lẹ máa ṣe?" Ibi tí wọ́n bá ti ṣì í sọ, ọ̀rọ̀ yín ló yẹ kó yí padà níbẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́, oṣù, ọdún àti orúkọ ìlú sínú gbogbo ìkìlọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi orúkọ ọ́fíìsì tó kọ ọ́ àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè sí i. Èyí tí kò ní ọjọ́ á máa rìn lórí WhatsApp fún ọdún mẹ́ta, á máa dẹ́rù ba àwọn tí kò kàn.

Nígbà tí ewu bá kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ lo rédíò kan náà, àkókò kan náà àti ohùn kan náà, kí ẹ sọ ohun tí àyẹ̀wò rí, ibi tí ọjà náà ti wá, ohun tí wọ́n ṣe sí i, àti èyí tí àwọn ènìyàn lè padà sí báyìí. Bí ohun tí ẹ fura sí tẹ́lẹ̀ kò bá jẹ́ òun, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú ẹ̀sùn ní gbangba, nítorí ẹni tó ń tà á ṣì ń jókòó lọ́jà láìsí ẹni tó ń rà á.